Ọmọ Tó Ń Fìdí Rẹmi Nílé Ẹ̀kọ́ Gíga: Ṣé Ká Fi Oko Dógò?

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ ni a bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní pólì tàbí yunifásítì ni, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, tí owó ilé ìwé ọdún tuntun sì ti dé. Bàbá ń wo oko kòkó, ó ń rò ó bóyá kí òun fi dógò. Ìyá ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ẹ dákun, ẹ gbé fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ ná. Oko tí a bá fi dógò, ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀ títí a ó fi san gbèsè, àwọn àbúrò ọmọ náà sì ń jẹun láti inú oko yẹn. Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Bí ẹ kò bá rí i san, ọrùn àwọn onídùúró yín ni yóò bọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé èsì ìdánwò, ti sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gba “ó ń lọ dáadáa” lẹ́nu ọmọ. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ bẹ olùkọ́ kan ládùúgbò. Ní pólì, 4.00 ni òkè, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní 2.00 ó kéré tán kó tó gba ìwé ẹ̀rí ND. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 5.00 ni òkè. Ẹni tó bá wà lábẹ́ 1.00, tàbí 1.50 níbòmíràn, wọn a kìlọ̀ fún un; bí kò bá gbé e sókè, wọn a ní kó máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tó fà á, láìmú pàṣán dání. Ọmọ ogún ọdún tí ẹ bá ń nà, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kọ́ ló fẹ́. Ó lè jẹ́ tẹ́tẹ́. Ó lè jẹ́ ebi. Ọmọ tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àìsàn ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìwé rárá.

Bó bá jẹ́ owó nìkan ni, láti ọdún 2024 ni àjọ NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìsí èlé. Ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún. Gbèsè ni o, ṣùgbọ́n gbèsè ọmọ náà ni, kì í ṣe ti oko yín.

Bó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, kó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé òun fẹ́ sinmi fún ọdún kan, kó sì gba èsì wọn lọ́wọ́. Ẹni tó kàn palẹ̀ ẹrù mọ́ tó wá sílé láìsí ìwé, wọ́n lè kà á sí ẹni tó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó tún lè béèrè bóyá wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Èrò tiwa nìyí. Ọmọ tó ti wọ ọdún kejì ND, tó ku ìdánwò méjì tàbí mẹ́ta fún un, ẹ jẹ́ kó parí. Ìwé ẹ̀rí tó dá dúró ni ND, ó sì lè fi ṣiṣẹ́ kó tó ronú HND. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, tó ti fìdí rẹmi lọ́dún kìíní lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń sọ fún yín pé ọwọ́ òun ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́, a kò rí ìdí tí oko kòkó yóò fi bá a lọ. Yóò tún lè ṣe ìdánwò JAMB lọ́jọ́ mìíràn bó bá wù ú.

Kí ìpàdé ẹgbẹ́ oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kí bàbá tàbí ìyá bá ọmọ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n mú ìwé èsì dání, kí wọ́n béèrè iye ọdún tó kù gan-an àti iye owó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún akọ̀wé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù yín.