Kí a tó jọ gbé ilé kan



Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé ilé ẹjọ́ ló lè tú ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú ìjọba ká. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni ra iṣu.

Obìnrin tó kọ ọkọ sábà máa ń padà sílé bàbá rẹ̀. Dálémoṣú ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kò dùn mọ́ mi. Bí ó bá bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, kí wọ́n sọ̀rọ̀ owó ní ọjọ́ kìíní. Iyọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, nítorí owó rẹ̀ kéré, a kì í kà á. Ẹni tí kò lówó lè pọnmi, kó sì gúnyán: iṣẹ́ náà, owó ni.

Ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ: iṣu, epo, iyọ̀, omi. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.