Kojo Laing, Ọmọ Kumasi, àti Ọdún Mẹ́rìnlá Láìsí Ìwé Tuntun

Kumasi ni wọ́n bí Bernard Kojo Laing sí ní ọdún 1946. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà Áńgílíkà ní ìlú náà. Ní 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira, ọmọ náà lọ sí Scotland. Agbègbè Vale of Leven ló ti parí ilé-ìwé kó tó wọ Yunifásítì Glasgow. Ó gboyè jáde ní 1968, ó sì padà wálé. Nígbà tó fi máa kú ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ìtàn àròsọ mẹ́rin àti ìwé ewì kan péré ló ti jáde lórúkọ rẹ̀. Iye yẹn kéré fún ẹni tí àwọn onílámèyítọ́ kà mọ́ àwọn tí ẹ̀bùn wọn pọ̀ jù lọ ní Gánà. Kì í ṣe pé kálámù rẹ̀ gbẹ. Ọ̀nà tí ìwé Áfíríkà ń gbà dé ọjà ló há mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tó ń gbé e jẹun ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ọba ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1979 ó di akọ̀wé Institute of African Studies ní Yunifásítì Gánà, Legon. Lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún, ó gba ìṣàkóso Saint Anthony's School ní Accra, ilé-ìwé aládàáni tí ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1962. Ìgbà náà le. Ọ̀dá àti iná igbó ọdún 1983 ti run oko, ìjọba Nàìjíríà sì ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Gánà padà sílé ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà. Ẹni tó bá ti ṣàkóso ilé-ìwé rí mọ ohun tó ń gba ọjọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀: owó oṣù tíṣà tí kò ṣeé fi falẹ̀, òbí tí kò tíì san owó ilé-ìwé, ìwé tí kò kárí àwọn ọmọ. Àkókò tó bá ṣẹ́ kù ni òǹkọ̀wé ń fi kọ̀wé. Síbẹ̀, lójú iṣẹ́ yìí gan-an ni mẹ́rin nínú ìwé márùn-ún rẹ̀ ti jáde. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé-ìwé nìkan kò tó láti ṣàlàyé ọdún mẹ́rìnlá láìsí ìwé tuntun tó tẹ̀ lé e.

Heinemann ti Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ ìtàn àròsọ àkọ́kọ́, Search Sweet Country, ní 1986. Accra ọdún 1975 ló dá lé, nígbà ìjọba ológun Acheampong. Woman of the Aeroplanes tẹ̀ lé e ní 1988, ìwé ewì Godhorse ní 1989, Major Gentl and the Achimota Wars ní 1992. Ọdún 2020 ni ìtàn Major Gentl ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọdún náà ṣì jìnnà réré. Gẹ̀ẹ́sì ni Laing ń kọ, ṣùgbọ́n ó ń da ọ̀rọ̀ àwọn èdè Gánà mọ́ ọn, pẹ̀lú èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun, ó sì ń kó àlàyé wọn sẹ́yìn ìwé. Ìgboyà ńlá ni. Ìwé tí tíṣà gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kì í rọrùn fún ìdánwò, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà sì ni ọjà ìwé wà.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló gbé ìṣòro náà ró. Láti 1962 tí Heinemann ti bẹ̀rẹ̀ African Writers Series, àwọn ọmọ ilé-ìwé Áfíríkà ló ń ra apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Nàìjíríà ló sì tóbi jù nínú ọjà náà. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n ní Nàìjíríà láti 1982, àwọn oníṣòwò kò rí pọ́n-ùn fi ra ìwé wọlé mọ́. Sídì Gánà náà ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ìwé tí wọ́n fi pọ́n-ùn dá owó lé di ohun tí tíṣà kò lè fi owó oṣù rẹ̀ rà. Atẹ̀wéjáde ní Lọ́ńdọ̀nù wá ń yan èyí tó dá a lójú pé yóò tà, òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ṣòroó kà ló sì kọ́kọ́ ń fara gbá a.

Irú ọdún gígùn láìsí ìwé tuntun bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Amos Tutuola tiwa ṣáájú. Faber tẹ Ajaiyi and His Inherited Poverty ní 1967, ìtàn àròsọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ wọn, The Witch-Herbalist of the Remote Town, kò jáde títí di 1981. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Òun náà kò fi ìwé jẹun: iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùpamọ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe.

Asare Konadu, ọmọ Asamang ní ilẹ̀ Ashanti, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀, Anowuo Educational Publications, sílẹ̀, ó ń kọ ìwé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ará ìlú, nígbà mìíràn lórúkọ Kwabena Asare Bediako. Come Back Dora!, tó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ní 1966, ni Heinemann padà wá gbé jáde ní 1969 gẹ́gẹ́ bí Ordained by the Oracle. Ọ̀nà Konadu dára fún ìtàn ìfẹ́ tó ń sáré tà. Kò dájú pé ìwé bíi ti Laing ì bá yè lórí rẹ̀.

Láti 1992 sí 2006, ìtàn àròsọ Laing kankan kò jáde. Nígbà tí Big Bishop Roko and the Altar Gangsters jáde, Accra ni, láti ọwọ́ Woeli Publishing Services. Laing ti pé ọgọ́ta ọdún. Ìwé ńlá ni, nípa bíṣọ́ọ̀bù kan àti ìyípadà àbùdá ènìyàn. Ó tọ́ sí ìyìn pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gánà ló gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Accra kì í tètè dé Èkó, ká má tíì sọ Lọ́ńdọ̀nù, láìka akitiyan African Books Collective sí, ẹgbẹ́ tí àwọn atẹ̀wéjáde Áfíríkà fúnra wọn dá sílẹ̀ láti máa ta ìwé wọn sókè òkun.

Ní 2011, McSweeney's ti Amẹ́ríkà tún Search Sweet Country tẹ̀. Binyavanga Wainaina, òǹkọ̀wé ọmọ Kẹ́ńyà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá lórí ìwé náà, àwọn òǹkàwé tí kò tíì dáyé nígbà tó kọ́kọ́ jáde sì wà lára àwọn tó rí i kà. Laing gbé ọdún mẹ́fà sí i lẹ́yìn àtẹ̀jáde yìí. Big Bishop Roko ni ìtàn àròsọ tuntun tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀.