Ta Ló Gbin Olú Ẹ̀yìn Kíláàsì?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣa kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà ilé ẹ̀kọ́!

Ṣé ẹ rántí òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìn kíláàsì SS 2? Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, olú hù síbẹ̀ bẹẹrẹ. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní Báólọ́jì kó wa lọ wò ó, wọ́n bèèrè pé, "Ta ló gbìn ín?" Èmi aláròóyé ní, "Òjò ni, sà!" Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ wá ìdáhùn wá. N kò wá a. Mo gba ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe lọ, mo di oníròyìn. Ọ̀gá ló jókòó níwájú yẹn, irun wọn ti funfun. Gbèsè wọn ni mo wá san.

Ọ̀gá, ikán ló gbìn ín. Ikán a máa kó igi àti koríko gbígbẹ wọlé, a fi ṣe ebè fún olú nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibi tí mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti kan àwọn èèrà kan ní Bràsíìlì àti Pánámà. Ewé tútù ni wọ́n ń gé, wọ́n á rù ú wọlé bí alárù ọjà. Wọ́n á rún un wẹ́wẹ́, wọ́n á gbin olú sí i, olú yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn. Ìwádìí tó jáde ní 2024 sọ pé iṣẹ́ oko èèrà ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún. Àná làwa dé ìdí ọkọ́!

Ṣùgbọ́n oko kì í ṣàìní ọ̀tá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn wà, Escovopsis, tó jẹ́ pé olú àwọn èèrà yìí ló ń jẹ. Bó bá ráyè, oko lè dahoro. Ní 1999, Cameron Currie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé nǹkan funfun bí ẹfun tó wà lára irú àwọn èèrà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Bakitéríà ni, ó sì ń ṣe oògùn tó ń ká Escovopsis lọ́wọ́ kò. Èèrà ń ru ilé oògùn kiri!

Ǹjẹ́ ọ̀tá káwọ́ lẹ́rán? Rárá o. Ìwádìí 2018 fi hàn pé Escovopsis ní májèlé tirẹ̀. Melinacidin IV ń dá bakitéríà aláàbò yẹn dúró. Shearinine D ń mú kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ èèrà rọ, ó sì lè pa wọ́n.

Kí ló wá mú oko dúró? Oògùn nìkan kọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń fi ẹnu tu ibi tó bá bàjẹ́, wọ́n ń kó pàǹtí kúrò nínú oko.

Àwa ńkọ́? Bí ikọ́ bá hán wa lásán, ó di ilé oníkẹ́míìsì. A ó ra kápúsù mẹ́rin, a ó lo méjì, ìyókù di ti inú dúrọ́ọ̀. Kòkòrò tí kò kú á wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn. Èmi náà ṣe é fún ọdún púpọ̀, títí egbò kékeré fi fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi. Oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án, èkejì kò ràn án, ìkẹta ni Ọlọ́run fi yọ mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ka ìtàn èèrà yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má lo oògùn láìrí dókítà, ẹ má sì já a sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ fọwọ́, ẹ tún àyíká ṣe. Èèrà ò gbẹ́kẹ̀ lé oògùn nìkan.

Ọ̀gá, iṣẹ́ àṣetiléwá mi nìyẹn. Ó pẹ́ púpọ̀, mo mọ̀. Ẹ bá mi máàkì ẹ̀, sà.