Kówó Tó Kúrò Lápò

Ajẹ́ntì ti mú yín dé iwájú ilé kan tí ẹ fẹ́ rà ní Ìgánmú, nílùú Èkó. Ó ní kí ẹ tètè sanwó, ẹlòmíì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà máa bọ̀. Lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ní Ìgánmú, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilẹ̀ ẹbí wà nítòsí ara wọn. Lọ́yà á yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, bóyá ẹni tó ń tà á ló ni ín, bóyá wọ́n ti fi yáwó ní báńkì. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ fara balẹ̀ gan-an. Bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà náà, òfo ni. Bí òun nìkan bá sì dá a tà, àwọn àgbà ẹbí tó kù lè ní kí kóòtù fagi lé e.

Ó tún ku àṣẹ gómìnà, tó pọn dandan fún títà ilé àti fífi ilé yáwó, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe wí. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìwé tí báńkì fi gba ilé ní ìdógò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí kò sí àṣẹ gómìnà. Ẹni tó yáwó gan-an ló pe ẹjọ́ náà o!

Ẹ má sì lo lọ́yà ẹni tó ń tà. Tiẹ̀ ló ń ṣọ́, kì í ṣe tiyín.