Àìná, Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn: Bí Ìwé Ìjọ Ti Pa Orúkọ Rẹ̀ Mọ́

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Kì í ṣe ti àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn yìí ni a ó sọ, nítorí ìyẹn wà lójú ewé mìíràn nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ìtàn ọmọdé kan tí a kó kúrò nílé bàbá rẹ̀ ni, àti bí a ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé. Ìdí tí ó fi kan àwa ará etí òkun Ìlàjẹ yóò hàn bí a ti ń lọ.

Ní ọdún 1848 ni ogun Dàhómì kọlu Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì kó òun lọ sí ìgbèkùn. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Bonetta, lọ bá Ọba Ghezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọba kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ẹ wo bí ayé ti rí: a fi ọmọ ènìyàn ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọba kan sí ọba kejì bí ẹni fi aṣọ ránṣẹ́! Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ pàápàá lé e: Sarah Forbes Bonetta. Ta ni ìbá ka orúkọ bẹ́ẹ̀ kí ó mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni ó ń jẹ́ ẹ?

Ọbabìnrin gbà á, ó sì gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní ọdún 1851 a rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. ní Freetown, ní 1855 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé Àlùfáà James Frederick Schön, ẹni tí ó bá Crowther gòkè odò Ọya ní 1841. Ní ọjọ́ 14 oṣù August, ọdún 1862, a so ó pọ̀ mọ́ James Davies, oníṣòwò Èkó tí a bí ní Sàró fún òbí Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, nínú ilé ìsìn St Nicholas ní ìlú Brighton.

Níhìn-ín ni kí a dúró díẹ̀. Nínú ìwé ìgbéyàwó yìí, orúkọ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí Sarah. "Ina Sarah Forbes Bonetta" ni ó wà níbẹ̀. Àjèjì lè fo lẹ́tà mẹ́ta yẹn dá. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fò ó. Àìná ni! Àìná kì í sì í ṣe orúkọ tí bàbá rò kí ó tó sọ, àmútọ̀runwá ni. Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni ń jẹ́ Àìná. Bí ó bá ṣe ọkùnrin, Òjó ni. Nítorí náà, ìwé ìjọ kan ní Brighton sọ fún wa bí ọmọ yìí ti jáde láti inú ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ohun tí kò sí òbí láàyè tí ìbá sọ ọ́. Ọdún méjìlá ni a ti fi ń pè é ní orúkọ mìíràn, síbẹ̀ èyí kò sọnù.

Àjàyí Crowther náà, àmútọ̀runwá ni tirẹ̀, orúkọ ẹni tí ó dojúbolẹ̀ wáyé. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821; ní ọjọ́ 21 oṣù August, ọdún 1846, òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Crowther ní ìyá tí ó lè rí. Àìná kò ní. Ìwé nìkan ni ó kù tí ó lè mọ̀ ọ́n.

Ó bímọ, Ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún àkọ́bí rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní ọjọ́ 15 oṣù August, ọdún 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé ọ̀wọ̀n òkúta ró ní ìrántí rẹ̀ ní Ìjọn, ní agbègbè Èkó.

Ó wá kù sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ìran apẹja ni wá. Àwọn ènìyàn wa ń kó àwọ̀n àti ọmọ lọ sí Bẹ̀nẹ̀, sí Gánà, sí Kamẹrúùnù. Bí bàbá bá kú sí ọ̀hún, ọmọ lè dàgbà kí ó má mọ̀ ju "Ìlàjẹ ni bàbá mi" lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bèèrè, Ìwé Ìsàmì ni a ó ṣí fún un. Kí ni yóò bá níbẹ̀? "Joseph, ọmọ Peter." Kò sí orúkọ ìyá, kò sí ìletò, kò sí àmútọ̀runwá, kò sí oríkì. Joseph mélòó ni ó wà láti Màhìn dé Ùgbò? Akọ̀wé tí ó fi Àìná sílẹ̀ tí ó kọ Sarah nìkan ti sọ ọmọ nù lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ sì rí ohun tí òkun ti ṣe sí Ayétòrò àti Awóyè, bí ó ti ń gbé ilé mì. Ènìyàn lè lúwẹ̀ẹ́. Ìwé kò mọ ọ̀nà à-ń-wẹ̀. Nítorí náà a bẹ àwọn akọ̀wé ìjọ gbogbo pé kí wọ́n da ìwé àtijọ́ kọ, kí ẹ̀dà kan sì wà lókè, níbi tí omi kì í dé.

Àwọn tiwa wà lórí tábìlì nínú yàrá ìmúra àwọn àlùfáà. Lẹ́yìn ìsìn, ẹni tí ó bá fẹ́ wá orúkọ bàbá rẹ̀ lè wọlé. Kí ó ṣáà nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó ṣí i.