Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Fọ Sáléńsà Jẹnẹrétọ̀

Àwọn ilé tí a kọ́ sí Festac Town, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, de àwọn àlejò àjọ̀dún 1977, kò ní ihò èéfín bíi ti ilẹ̀ òtútù. Sáléńsà jẹnẹrétọ̀ ni tiwa. Bí èéfín rẹ̀ bá ń dúdú, tí ẹ̀rọ kò lágbára mọ́, ẹ pa á, kí ó tutù, kí ẹ pe ẹni tí ń tún un ṣe. Kí ó ha dúdú èéfín kúrò ní ẹnu sáléńsà, kí ó sì fọ asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, epo kì í jóná tán.

Ṣùgbọ́n sáléńsà mímọ́ pàápàá ń tú carbon monoxide jáde. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Nítorí náà, ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni àyè jẹnẹrétọ̀.