Ìrọ̀lẹ́ Ni Iṣẹ́ Kù Sí

Ohun tí ẹ ti mọ̀, n ò ní fi gbà yín lákòókò. Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè. Kí ìgbì rédíò rẹ̀ tó dé ọwọ́ wa, ó ní láti la áyónósífíà kọjá, níbi tí oòrùn ti ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kúrò lára afẹ́fẹ́. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wọ̀nyí ló ń dá a dúró.

Àwòṣe John Klobuchar tí GPS ń lò láti ṣírò ìdádúró yìí, nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló dúró lé. Ó gbà pé gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kó jọ sórí awẹ́ fẹ́lẹ́ kan ní kìlómítà 350, pé ìdádúró ń pọ̀ jù ní aago méjì ọ̀sán, pé lóru kì í ju bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Ó ń mú tó ìdajì àṣìṣe tí ìdádúró náà ń fà kúrò. Iṣẹ́ ribiribi ni.

Àwọn kan wá ní ọ̀rọ̀ àwòṣe ti parí: kí á gba ìgbì GPS méjì tí fíríkúẹ́ńsì wọn yàtọ̀, L1 àti L5, kí á fi ìyàtọ̀ wọn yọ ìdádúró, ó tán. Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń gbọ́ ọ, n ò sì gbà á rí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí èyí. Bí oòrùn bá wọ̀ ní agbègbè ìlà agbedeméjì òòfà ayé, tó la àríwá Nàìjíríà kọjá, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ìsàlẹ̀ á tètè pòórá, agbára iná mànàmáná ibẹ̀ á sì tún gbé ti òkè ga sí i. Èyí tó wúwo á wá jókòó lórí fúyẹ́fúyẹ́. Fúyẹ́fúyẹ́ náà kò ní gbà. Á ru gba àárín rẹ̀ sókè bí ògì tó ń hó lórí iná. Ríru yìí ló ń da àmì sátẹ́láìtì rú. Ẹ gbé ẹ̀rọ GPS síta ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù Kẹta, lọ́dún tí ara oòrùn kò bá balẹ̀: agbára àmì lè já wálẹ̀ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ̀rọ sì pàdánù rẹ̀ pátápátá. L5 tí wọ́n gbójú lé, tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ kéré sí ti L1, ìmìtìtì àmì yìí tún ń bá a jà jù. Bí ọ̀kan bá já, kí la ó yọ kúrò nínú kí?

Ní Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ju ìgbì rédíò sókè láti wo áyónósífíà. Fíìmù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ la máa ń tẹ́ sórí tábìlì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí a ń fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìlà tó mọ́ gaara lọ́sàn-án á fọ́n ká, á ṣe bàìbàì, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ń wa dátà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ń ṣe ìpíndọ́gba oṣù kan gbáko, ìpíndọ́gba náà sì ń pa ìrọ̀lẹ́ rẹ́. Èyí kò dáa. Ẹ máa wo dátà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan.

NeQuick, àwòṣe mìíràn tí wọ́n ṣe ní Trieste àti Graz, tí Galileo, ètò sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù, ń lò, sàn ju ti Klobuchar lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò rí ríru alẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kò lè kọ́ ohun tí a kò wọ̀n. Ẹ̀rọ tó sún mọ́ra láti Èkó dé Kánò, tí iná kì í kú lára rẹ̀ láti aago méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, ni mo ń bẹ ìjọba àti àwọn yunifásítì fún.